Ta Ló Kó Ìgbẹ́ Gbuuru Wá? Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìwádìí Ìbàdàn

Mo fẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tó dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin létí, ṣùgbọ́n tí kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á. Kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi ni pé, báwo la ṣe ń mọ̀ pé kòkòrò kan ló jẹ̀bi?

Ohun tó fa ìbéèrè náà rèé. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, ilé kan láàárín ìlú Ìkẹ́rẹ́ ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ kan, bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe rọ̀ tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwa márùn-ún, à ń lọ à ń bọ̀ ní ṣáláńgà tọ̀sán tòru. Kò pẹ́ tí a fi dá ẹjọ́. Ìyá kan wà ní ìkóríta wa tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti máa ń jẹun àárọ̀. A ní òun ni. Ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu wa, ó dé ilé kejì, ó dé orí WhatsApp. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ ìyá yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í kù sí ìkòkò di alẹ́. Ọ̀kan nínú wa dá a lábàá pé kí ìyá náà lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́; bí wọ́n bá ti rí kòkòrò lára rẹ̀, ẹjọ́ parí. Gbogbo wa gbà pé ọgbọ́n ni.

Èmi náà gbà. Ìgbà tí mo ń wá ohun tí màá fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi ni mo tó mọ̀ pé ẹjọ́ tí a dá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àti pé àyẹ̀wò tí a fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ rán an.

Kòkòrò wo là ń sọ?

Orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ni Escherichia coli, tí a máa ń gé kúrú sí E. coli. Ní ọdún 1885 ni Theodor Escherich, oníṣègùn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Jámánì, ṣàpèjúwe rẹ̀ láti inú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ìkókó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni a ti mọ̀ ọ́n sí ará ilé ìfun ènìyàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ irú E. coli kò ń ṣe wá ní ibi kankan. Wọ́n ń jẹ nínú ohun tí à ń jẹ, wọ́n sì ń gba àyè tí kòkòrò búburú ì bá fi jókòó.

Ní ọdún 1945 ni John Bray, oníṣègùn ní Ìlú Ọba, fi hàn pé irú E. coli kan wà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọ ọwọ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ìdílé ìdílé gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Èyí tí à ń pè ní ETEC ń tú májèlé sínú ìfun, omi ara á sì máa ya lọ. EPEC máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun, á sì ba àwọn irun wíẹ́wíẹ́ tí ìfun fi ń fa oúnjẹ mu jẹ́. EIEC ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ gẹ́gẹ́ bí Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. STEC ní májèlé tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìkarùn-ún ni EAEC, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn lórí sẹ́ẹ̀lì bí ìgbà tí bíríkìlà bá to bíríkì lé ara wọn. James Nataro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1987, láti ara àwọn ọmọ ilẹ̀ Chile. Lẹ́yìn náà ni Iruka Okeke àti Adebayo Lamikanra, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lára àwọn ọmọ ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, wọ́n sì rí i.

Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín E. coli tó ń ṣe rere àti èyí tó ń ṣe ibi. Lórí àwo MacConkey nínú yàrá àyẹ̀wò, àwọ̀ osùn kan náà ni gbogbo wọn sábà máa ń yọ. Inú àbùdá wọn ni ìyàtọ̀ wà. Nítorí náà, bí yàrá àyẹ̀wò kan bá kọ ọ́ fún ọ pé “E. coli wà nínú ìgbẹ́ rẹ,” bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn wà ní ọjà Ọba ni. Ta ni wọ́n? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ìwé náà kò sọ.

Ìwádìí Ìbàdàn

Ìwádìí tó ṣí mi lójú ni èyí tí ẹgbẹ́ olùwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ní Fásitì Ìbàdàn ṣe, tó jáde ní ọdún 2023 nínú American Journal of Tropical Medicine and Hygiene. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2015 àti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n gba ìgbẹ́ àwọn ọmọ 477 tí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí wọ́n wá sí àwọn ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ní ìhà àríwá ìlú Ìbàdàn. Nínú àwọn ọmọ náà, 120 ní ìgbẹ́ gbuuru. 357 kò ní in.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kò mú kòkòrò kan ṣoṣo láti inú ìgbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mú E. coli tó tó 10, wọ́n sì ka àbùdá mẹ́ta, ó kéré tán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí ni pé oríṣiríṣi E. coli ló lè wà nínú ìfun ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá mú ẹyọ kan, ó lè jẹ́ pé ará ilé lo mú, tí àlejò sì wà ní yàrá kejì. Wọ́n tún yẹ omi kànga 14 wò ní àdúgbò náà.

Àbájáde rẹ̀ rèé. Nínú àwọn ọmọ 120 tó ní ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n rí E. coli tó ní ohun ìjà ìgbẹ́ gbuuru lára 79, ìyẹn ìdá 65.8 nínú 100. Nínú àwọn ọmọ 357 tí wọn kò ní in, wọ́n rí i lára 217, ìyẹn ìdá 60.8 nínú 100. Gbogbo ìdílé tí mo kà sókè yìí ni wọ́n rí, àfi STEC. Kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí ìṣirò fi hàn pé ó so mọ́ àìsàn náà. Ní ti omi, kò sí ọ̀kankan nínú omi kànga tí wọ́n yẹ̀ wò tó ṣeé mu.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́fà nínú ọmọ mẹ́wàá tí inú kò run, tí wọ́n ń ṣeré, tí wọ́n ń jẹun, ló ń gbé kòkòrò náà kiri!

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà

Àwọn kan nínú wa máa ń fo ibi tí ìṣirò bá wà. Ẹ má fo èyí, kò le.

Ọmọ 477 ni gbogbo wọn. Àwọn 79 tí inú ń run àti àwọn 217 tí ara wọn le ló ní kòkòrò náà. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 296, ìyẹn bí 62 nínú 100. Ká ní kòkòrò náà kò mọ ẹni tí inú ń run yàtọ̀ sí ẹni tí inú rẹ̀ dákẹ́, mélòó ni à bá retí láti rí nínú àwọn 120 tó ń ṣàìsàn? Ìdá 62 nínú 100 ti 120 jẹ́ 74 tàbí 75. Mélòó ni wọ́n rí? Wọ́n rí 79. Gbogbo ìyàtọ̀ náà kò ju ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wáyé nípa àgbákò lásán, bí ìgbà tí ènìyàn ju owó ẹyọ sókè tí orí fi ju ìrù lọ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi bàtà ṣàlàyé. Ká ní òjò rọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀ ṣubú. A wo ẹsẹ̀ àwọn tó ṣubú, a rí i pé 66 nínú 100 ló wọ sílípáàsì. Ẹnì kan á kígbe pé sílípáàsì ló gbé wọn ṣubú. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ẹsẹ̀ àwọn tí kò ṣubú, tí a rí i pé 61 nínú 100 lára àwọn náà wọ sílípáàsì, ohùn wa á rọlẹ̀. Ẹni tí kò wo ẹsẹ̀ àwọn tó dúró, kò tíì lè sọ nǹkan kan nípa bàtà.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà nìyí. Àwọn tí kò ṣàìsàn ni ẹlẹ́rìí tí a kì í pè. Láìsí wọn, gbogbo ohun tí a bá rí lára aláìsàn yóò dà bí ọ̀daràn.

Ìbàdàn nìkan kọ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní GEMS, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2013, ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọmọ tó ju 22,000 lọ ní orílẹ̀-èdè méje ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nàìjíríà kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n Bàmákò ní Mali àti Basse ní Gambia wà níbẹ̀. Wọ́n rí kòkòrò tó lè fa ìgbẹ́ gbuuru lára ìdá 83 nínú 100 àwọn tó ń ṣàìsàn, àti lára ìdá 72 nínú 100 àwọn tí ara wọn le. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ọmọ náà pọ̀, tí wọ́n sì ní àwọn aláàfíà láti fi wé wọn, wọ́n rí àwọn tó jẹ̀bi jù láàárín èrò: rotavirus, Cryptosporidium, Shigella àti irú ETEC kan.

Kí ló dé tí kòkòrò fi ń gbé inú ẹni láìṣe é ní nǹkan?

Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́, orúkọ ìdílé kan náà kò sọ ọ́ di ìwà kan náà. Ní ọdún 1995, Nataro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn àgbàlagbà tó yọ̀ǹda ara wọn mu irú EAEC mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní 042, da inú mẹ́ta rú nínú àwọn márùn-ún tó mu ún. Àwọn mẹ́ta yòókù kò fa ìgbẹ́ gbuuru fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì kíyè sí i pé, pẹ̀lú 042 náà, ẹni méjì mu ún láìsí ìyọnu.

Èkejì, ọjọ́ orí. Ní Ìbàdàn, ara àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí inú wọn kò run ni wọ́n ti rí ETEC jù. Lára àwọn tó ti ju oṣù mẹ́sàn-án lọ, àwọn tó ní ìgbẹ́ gbuuru nìkan ni wọ́n ti rí i. Kí ló yí padà láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án? Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ mọ ìdáhùn kan tó ṣeé ṣe: omi ọmú, tó kún fún ohun ààbò láti ara ìyá, ń dín kù, oúnjẹ mìíràn àti omi mìíràn ń wọlé, ọmọ ń rákò, ó ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu.

Ẹ̀kẹta, ara máa ń mọ ọ̀tá tó bá ti pàdé rí. Ẹni tó ń bá kòkòrò kan pàdé láti kékeré lè máa gbé e láìmọ̀. Ẹni tó jẹ́ àlejò sí i ni yóò wólẹ̀. Èyí wà lára ohun tó máa ń da inú àwọn ará wa tó ń gbé òkè òkun rú nígbà tí wọ́n bá wálé ọdún.

Ṣé “kò ṣe mí ní nǹkan” túmọ̀ sí pé kò léwu?

Rárá o. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìwádìí Ìbàdàn kò sọ pé kòkòrò wọ̀nyí jẹ́ aláìṣẹ̀. Ohun tó sọ ni pé wọ́n ti tàn kálẹ̀ débi pé a kò lè fi rírí wọn lásán mọ ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ní ìlú Fortaleza ní Brazil, àwọn olùwádìí ròyìn ní ọdún 1998 pé EAEC máa ń mú kí ìfun ọmọ wú kó sì gbóná, tí kì í sì í jẹ́ kí ọmọ dàgbà bó ṣe yẹ, kódà bí kò bá sí ìgbẹ́ gbuuru. Ìyẹn ni pé ọmọ lè máa gbé kòkòrò kiri, kó máa ṣeré, kí ìyá rẹ̀ sì máa rò pé ìràn ìdílé ló mú un kúrú. Oúnjẹ tó yẹ kó sọ di ẹran ara ni ìfun rẹ̀ ń fi jagun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni pé kòkòrò ń ṣí kiri. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n rí EAEC tí àbùdá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lára àwọn ọmọ tí kì í ṣe ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, láàárín àkókò kan náà. Ó ń ti ilé bọ́ sí ilé.

Ìkẹta, kòkòrò máa ń yá ara wọn ní àbùdá. Ní ọdún 2011, E. coli O104:H4 bẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì. EAEC ni, ṣùgbọ́n ó ti gba májèlé STEC mọ́ra. Ó kó àwọn ènìyàn tó ju 3,800 lọ, ó sì pa àwọn tó lé ní 50, ní ilẹ̀ tí omi ẹ̀rọ wọn mọ́ gaara. Inú ewéko híhù tí wọ́n ń jẹ ní tútù ni wọ́n ti tọpasẹ̀ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń rù ú

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ kéékèèké nìkan ni mo ń sọ, ẹ gbọ́ èyí. Okeke, Fayinka àti Lamikanra yẹ E. coli 758 wò láti inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ bí èmi àti ẹ̀yin, tí ara wọn le. Ọdún márùn-ún ni wọ́n gbà wọ́n: 1986, 1988, 1990, 1994 àti 1998. Wọ́n wo bóyá oògùn ṣì ń ran kòkòrò náà. Ní 1986, àwọn tó ti gbójú sí tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin wà láàárín ìdá 9 sí 35 nínú 100, bí oògùn kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Nígbà tó fi di 1998, ó ti di ìdá 56 sí 100 nínú 100.

Ọdún 12 péré! Kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tó ń ṣàìsàn. Inú ará líle ni ọgbọ́n ìgbójú-sóògùn ti ń kóra jọ, tó ń dúró de ọjọ́ tí kòkòrò burúkú kan yóò wá yá a lò.

Ta ló kó o jọ? Àwa náà ni. Nígbà tí inú ń run wá nínú ilé wa yẹn, kí la ṣe? A ra Flagyl àti tetracycline ní ṣọ́ọ̀bù ìkóríta, a gbé méjì-méjì mì, a sì dáwọ́ dúró nígbà tí inú dákẹ́. Metronidazole, tó jẹ́ oògùn inú Flagyl, kì í pa E. coli rárá, iṣẹ́ rẹ̀ wà fún amoeba, Giardia, àti àwọn kòkòrò tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Tetracycline ẹ̀wẹ̀, ẹ ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru olómi sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oògùn tí a mu kọ́ ló wò wá sàn, àsìkò ni.

Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré: ọ̀rọ̀ kànga

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí a kò bá yanjú ọ̀rọ̀ omi àti ṣáláńgà, kí a máa pa kòkòrò lọ títí, yóò máa padà wá ni.

Ẹni tó bá ti wo Olósùnta àti Orólé láti òpópónà Ìkẹ́rẹ́ mọ irú ilẹ̀ tí à ń gbé orí rẹ̀. Àpáta ni. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, ọ̀pọ̀ kànga wa kì í jìn púpọ̀. Inú ilẹ̀ tó bo àpáta ni omi wọn ti ń sun. Bí ilẹ̀ bá fẹ́lẹ́, kò rí àyè tó láti sẹ́ omi kó tó dé inú kànga. Bí àpáta bá sì sán, omi ṣáláńgà lè gba inú sísán náà kọjá kíá. Ìlànà tí àwọn elétò ìlera máa ń tẹ̀ lé ni pé kí ṣáláńgà jìnnà sí kànga ní mítà 30, ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní mítà kan àti ààbọ̀.

Lẹ́yìn tí mo ka ìwádìí Ìbàdàn tán, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ún láti ẹnu kànga dé ògiri ṣáláńgà. Ìgbésẹ̀ 11 ni. Ìdérí kànga náà ti fọ́ láti ìgbà tí mo ti kó débẹ̀. Ike tí gbogbo wa fi ń fa omi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni à ń gbé e sí, níbi tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá. Òjò àkọ́rọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wá. N kò lè búra pé kànga náà ni. Bí mo bá búra, ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ sí ìyá onírẹsì ni mo tún ṣẹ̀ sí kànga. Ṣùgbọ́n òun ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Àwa márùn-ún jọ ń mu ún, kò sì sẹ́ni tó wò ó.

Ohun tí ọwọ́ wa ká

Ẹ jẹ́ ká bo kànga, ká so ike ìfami kọ́, ká sì se omi mímu títí yóò fi hó. Ẹ jẹ́ ká fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀ ìwádìí fi hàn pé fífi ọṣẹ fọwọ́ lè dín ìgbẹ́ gbuuru kù ní bí ìdá 30 nínú 100. Bí ìyá bá lè fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àjẹsára rotavirus náà wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2022. Ẹ rán àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó ń tọ́mọ létí.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti dé, omi ara tó ń lọ ló ń pani. Ẹ fún ọmọ ní ORS láti ilé ìtọ́jú, àti síǹkì: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ fún èyí tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀. Bí ORS kò bá sí nítòsí, ẹ po ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà tí a gé lórí àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ mọ́ omi mímọ́ lítà kan. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ jù. Ẹ má sì dá oúnjẹ tàbí ọmú dúró. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ojú ọmọ bá jìn, tàbí bí kò bá lè mu omi mọ́, ilé ìwòsàn ló yá, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù olóògùn.

Omídùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń fún ọmọ ní omi orí ògì. Àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀ ló ń mú un kan, kíkan náà kì í sì í bá ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú lára mu. Àwọn olùwádìí wa, títí kan àwọn ti Fásitì Ìbàdàn, ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ omi kànga bí tiwa la fi sẹ́ ògì náà, a ti fi ọwọ́ kan ṣe é, a sì fi èkejì bà á jẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra iṣẹ́ àṣekágbá

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ má ṣe gba ìgbẹ́ aláìsàn 50 kí ẹ wá kọ ọ́ pé E. coli ló fa àìsàn wọn. Ẹ gba ti àwọn aláàfíà tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ní àdúgbò kan náà, ní àsìkò kan náà. Ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí, kí ẹ sì gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ìlera. Bí owó kò bá tó láti ka àbùdá kòkòrò, ẹ yẹ omi kànga wò; ọ̀pọ̀ kànga ló wà láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùré tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú wọn.

Ìyá onírẹsì

Ní New York ní ọdún 1907, wọ́n mú obìnrin kan tó ń dáná fún àwọn olówó, Mary Mallon. Ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun wà nínú rẹ̀. Wọ́n dá a nìkan wà ní erékùṣù kan di 1910. Wọ́n tún mú un padà ní 1915, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní 1938. Ẹni tó ń gbé kòkòrò jẹ̀funjẹ̀fun bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n E. coli tí à ń sọ yìí, bí a bá ní ká dá gbogbo ẹni tó ń gbé e nìkan wà, erékùṣù wo ló máa gbà wá? Bí wọ́n bá yẹ ìyá onírẹsì wò tí wọ́n rí i, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i lára àwa tí a fẹ̀sùn kàn án pẹ̀lú.

Mo padà lọ bá a. Mo ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwa la sọ̀rọ̀ yín káàkiri, a kò sì ní ẹ̀rí.” Ó bu ìrẹsì fún mi kó tó dáhùn. Ó ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́ nígbà náà. Ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà, ẹ kì í fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun. Kànga ilé yín sì ni mo ti ń pọnmi tí mo fi ń fọ abọ́.”

Mo fọwọ́ kí n tó jẹ ẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Bí o bá rí kòkòrò kan lára 80 nínú 100 aláìsàn, kí ni ó kù kí o mọ̀ kí o tó pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀?

2. Kí ló dé tí E. coli mẹ́wàá láti inú ìgbẹ́ kan fi sàn ju ẹyọ kan lọ?

3. Ìgbésẹ̀ mélòó ni ó wà láàárín kànga àti ṣáláńgà ilé tí o ń gbé?